Wọ́n yọ owó ọjà tó sọnù nínú owó oṣù àbúrò mi: kí ni òfin sọ?

ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ òfin iṣẹ́ bá mi dá sí i.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe kaṣíà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan lójú Ring Road. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀. Kò gba lẹ́tà kankan nígbà tí wọ́n gbà á. Ọ̀gá kàn fẹnu sọ iye tí òun á máa san, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Aago méje àárọ̀ ló ń wọlé, ó ń di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ọjọ́ Àìkú gan-an, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kò sí àsìkò oúnjẹ. Ẹni tí ebi bá ń pa á bu búrẹ́dì jẹ lórí ìdúró, á sì máa dá oníbàárà lóhùn.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, wọ́n ka ọjà, wọ́n ní mílíìkì, ọṣẹ àti òróró ti dín. Wọn ò rí ẹni tó kó o. Ni ọ̀gá bá pín owó ọjà náà sórí gbogbo òṣìṣẹ́, ó yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Ìdajì owó àbúrò mi ló wọlé sí àkáǹtì rẹ̀. Nígbà tó béèrè, ọ̀gá ní bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa lọ, pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ kún ìta.

Ṣé òfin gba èyí láyè? Ṣé ẹni tí kò ní lẹ́tà ní ẹ̀tọ́ kankan? Bí wọ́n bá sì lé e, ṣé ọwọ́ òfo ló máa bá lọ?

ÌyáÌbejìBódìjà

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ká mi lára. Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kí n tó bímọ. Tí gíláàsì kan bá fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa la máa san án. A rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Mo ń dúró de àwọn tó mọ òfin.

Lọ́yàAgodi

Ẹ̀yin ỌmọMọ̀kọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lára ẹjọ́ tí mo máa ń gbà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà, torí ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà là ń sọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974, tó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004. Àdéhùn tí òfin yẹn mọ̀ kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Èyí tí ẹ fẹnu sọ, àdéhùn ni. Èyí tí ẹ ò tilẹ̀ sọ, àmọ́ tí ìṣe yín fi hàn, àdéhùn ni. Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ ni, bó gba lẹ́tà, bí kò gbà á.

Ọrùn ọ̀gá sì ni òfin gbé ìwé náà kọ́. Abala 7 sọ pé kó tó kọjá oṣù mẹ́ta tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, bí ọ̀rọ̀ àìsàn ṣe máa rí, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún ẹnì kejì kí wọ́n tó pínyà. Àbúrò yín ti lo ọdún méjì. Ọ̀gá ló jẹ ẹ́ ní ìwé.

Ó wá kan owó tí wọ́n yọ. Abala 5 ni kí ẹ dì mú. Ó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, kò sì gbọ́dọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé òun máa yọ ọ́. Owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ dé ń kọ́? Òfin ò gba ìyẹn náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún ọ̀gá tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tó sọnù: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tó fi ìwà àìbìkítà fà á, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn tí a ń pè ní lébà ọ́físà. Kó tó yọ ọ́ o, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti yọ ọ́ tán. Ohun tó máa yọ náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Ẹ wá fi ti ọ̀gá yìí wò ó. Kò mọ ẹni tó kó ọjà. Kò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ó pín in sórí ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀ pọ̀. Abala 5 yẹn kan náà tún fi gbèdéke lé e: gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan, ohun yòówù kí wọ́n torí ẹ̀ yọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdajì ni wọ́n yọ fún àbúrò yín. Ibi yòówù tí ẹ bá gbà wò ó, ọ̀gá ti rú òfin.

Ti wákàtí iṣẹ́: òfin ò dá iye wákàtí, àdéhùn ló fi í sí. Ṣùgbọ́n abala 13 sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan tó jẹ́ wákàtí 24 gbáko. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti aago méje sí aago mẹ́sàn-án tí kò rí ibi jókòó jẹun, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá lé e ńkọ́?

Lọ́yàAgodi

Abala 11 ló sọ ìyẹn. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí ìsàlẹ̀ ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún márùn-ún lọ, oṣù kan. Bí ìkìlọ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, orí ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀gá ò bá fẹ́ kí ó dúró lo ọjọ́ náà, kó san owó rẹ̀ dípò. Nítorí náà, àbúrò yín ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí owó ọ̀sẹ̀ méjì, àti gbogbo owó iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀. Ohun tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín nìyẹn. Bí àdéhùn yín bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiyín ló lékè.

BàbáGbági

Mo kí gbogbo yín. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní ní Gbági, èèyàn mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti àwa náà. Bí mo bá ka aṣọ tí mẹ́ta ò sí níbẹ̀, owó mi ni. Mo yá owó ra ọjà yẹn. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò ju mẹ́rin lọ, ẹlòmíì ò wọlé. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wò wọ́n? Mi ò fẹ́ jẹ ẹnikẹ́ni níyà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọjà mi tán bẹ́ẹ̀.

Lọ́yàAgodi

Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì, Bàbá. Òfin ò ní kí ẹ pàdánù ọjà yín. Bí ẹ bá mọ ẹni tó mú un, ẹ fi ẹ̀rí sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé. Bó bá jẹ́ olè, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, ẹ sì lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ bí ẹ bá lè fi hàn pé ìwà burúkú ni. Bó bá jẹ́ àìbìkítà, ẹ lọ bá ọ́fíìsì lébà, ẹ gba ìyọ̀ǹda. Ohun tí ẹ ò lè ṣe ni pé kí ẹ mú ẹni mẹ́ta tí kò jẹ̀bi san gbèsè ẹnì kan tí ẹ ò rí mú.

Mo ti rí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó tún ètò wọn ṣe. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń gbé ọjà lé ara wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ẹni tó ń kúrò fọwọ́ sí i, ẹni tó ń wọlé fọwọ́ sí i, ọ̀gá náà fọwọ́ sí i. Bí nǹkan bá dín, ojú ìwé kan ni wọ́n máa ṣí. Ó gba àsìkò díẹ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó gba gbogbo yín lọ́wọ́ ìfura.

BàbáGbági

Ẹ ṣeun. Mo máa ra ìwé náà lọ́la.

Atẹ̀wéDùgbẹ̀

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan. Ọjọ́ tí kò bá sí iná, tí ọ̀gá ò sì ra dísù, wọ́n á ní ká máa lọ sílé, wọn ò sì ní san owó ọjọ́ yẹn. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́yàAgodi

Abala 17. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, tí ara yín dá, tí ẹ sì ṣe tán láti ṣiṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún yín ní iṣẹ́ tàbí kó san owó ọjọ́ náà bíi pé ẹ ṣe é. Bó bá jẹ́ ìdíwọ́ pàjáwìrì tàbí ohun tó kọjá agbára ọ̀gá, tí kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ ní ẹ̀tọ́ sí. Àmọ́ dísù tí ọ̀gá kọ̀ láti rà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè dúró níwájú adájọ́ kó pè é ní ohun tó kọjá agbára òun.

TíṣàÀpáta

Ẹ kú ọgbọ́n o. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Wọn kì í san owó fún wa tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, oṣù kẹjọ lọ báyẹn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wọṣẹ́, wọ́n gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n má bàa sá lọ láàárín sáà. Mo rí iṣẹ́ míì ní Ológunẹ̀rù, mi ò lè lọ torí ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́yàAgodi

Tíṣà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Nínú Òfin Iṣẹ́, abala 91 sọ ẹni tí òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló dá lé. Ó yọ àwọn tó wà nípò alákòóso, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ṣẹ́ ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Olùkọ́ lè bọ́ sí ìhà tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn. Ìyẹn ò sọ pé ẹ ò ní ẹ̀tọ́ o. Ohun tó sọ ni pé àdéhùn yín ló máa gbè yín ju Òfin Iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, lẹ́tà tiyín ṣe kókó ju ti kaṣíà lọ. Bí lẹ́tà yín bá kọ iye kan lọ́dún tàbí lóṣù, tí kò yọ oṣù ìsinmi kúrò, owó oṣù ìsinmi jẹ́ tiyín.

Ti ìwé ẹ̀rí: tiyín ni. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá a padà, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Òfin ilẹ̀ wa, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní abala 34, lòdì sí fífi agbára mú èèyàn ṣiṣẹ́. Ẹni tó di ìwé ẹ̀rí mú kí ẹ má bàa lọ ti sún mọ́ ibi tí kò yẹ kó dé.

BàbáẸgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á láti àárọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ṣiṣẹ́, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ti sọ̀rọ̀ owó dáadáa. Mo fẹ́ sọ ti ìjàǹbá, torí mo ti gbé ẹni tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ lọ sí ọsibítù rí, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀gá á san owó ọsibítù ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo èèyàn á máa yìn ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìwé kan wá pé kó fọwọ́ sí i, pé òun ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láéláé. Òfin Owó Ìtùnú Òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé òṣìṣẹ́ kan ò lè bá ọ̀gá ṣe àdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀. Asán ni àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Bí òfin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan ní NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìtùnú yìí. Ọ̀gá ló ń san án, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Bí o bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí iṣẹ́ náà fa àìsàn sí ọ lára, sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ìwọ tàbí ìdílé rẹ sì ní ọdún kan láti kọ̀wé béèrè fún owó. Má dúró kó gbó.

Ọmọ tó gé ìka yẹn, orí ni kò jẹ́ kó pàdánù, torí a ti ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́.

ÌyáÌbejìBódìjà

Bàbá, omijé bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti aboyún. Ọmọ àbúrò ọkọ mi wà ní ilé-iṣẹ́ omi inú ike kan ní Mọ́níyà, wọ́n ti ní kó kọ̀wé kúrò tí oyún rẹ̀ bá hàn.

BàbáẸgbẹ́

Kó má kọ ìwé kankan. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ló sọ ọ́. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ sinmi. Lẹ́yìn tó bá bímọ, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá ti tó oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú, owó tí wọ́n máa san fún un nígbà ìsinmi yẹn kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa máa ń jà fún odindi, a sì rí i gbà níbi tiwa, ṣùgbọ́n ìdajì ni òfin fi ṣe ìsàlẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tó wà ní ìsinmi yẹn. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, tó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ìdajì wákàtí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, nínú àsìkò iṣẹ́.

ÌyáÌbejìBódìjà

Ìdajì wákàtí ẹ̀ẹ̀mejì! Ẹ gbà mí o. Mo fi ìbejì mi sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmú mi á wú débi pé aṣọ á tutù. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Òótọ́Korò

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Òfin wà lórí ìwé, àmọ́ kò léyín. Ṣé ẹ mọ iye tí òfin yẹn ní kí ọ̀gá tó rú u san? ₦800! Bó bá tún ṣe é, ₦1,500! Owó ọkọ̀ láti Ójóo dé Challenge lè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wo ni ìyẹn máa dẹ́rù bà? Òṣìṣẹ́ tó bá fẹjọ́ sùn máa pàdánù iṣẹ́ ni.

Lọ́yàAgodi

Òótọ́ lẹ sọ nípa owó ìtanràn yẹn, ó sì ń bí mi nínú. Òfin náà ti gbó, ó yẹ kí Ilé Aṣòfin tún un ṣe. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn ti ìjọba nìyẹn, kì í ṣe owó tí òṣìṣẹ́ lè gbà. Láti 2011, tí wọ́n ti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ti di ti ilé ẹjọ́ kan pàtó, NICN, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà níbí ní Ìbàdàn. Adájọ́ ibẹ̀ lè ní kí ọ̀gá dá gbogbo owó tó yọ padà, kó san owó ìkìlọ̀, kó sì san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tó rí ìwé ìpè ilé ẹjọ́ yẹn kì í fi ṣeré.

Mi ò tilẹ̀ sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹjọ́. Ọ́fíìsì lébà kọ́kọ́. Wọn kì í gbowó. Wọ́n máa ń kọ̀wé pe ọ̀gá, wọ́n á jókòó ti ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló ń parí sí.

BàbáẸgbẹ́

Ẹ má sì dá nìkan lọ. Ẹni kan tó bá lọ, wọ́n á pè é ní aláìgbọràn. Ẹni mẹ́rin tó bá jọ kọ̀wé, ọ̀rọ̀ di ti ibi iṣẹ́. Òfin ò gba ọ̀gá láyè láti fi ṣe àdéhùn iṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́.

ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ ṣé, sà. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ₦70,000 tí ìjọba kéde. Ṣé ó lè béèrè? Àti owó ìfẹ̀yìntì, ṣé kò yẹ kí wọ́n máa san án?

Lọ́yàAgodi

Ẹ̀yin èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀? Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 sọ ₦70,000, ṣùgbọ́n kò dé ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. ₦80,000 tí ẹ ń gbọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin 2014 mú un ní dandan fún iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀gá á san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san ìdá 8. Ibi tí èèyàn ti wà láàárín 3 sí 14, bí wọ́n bá fẹ́ ni.

ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹni mọ́kànlá ni wọ́n. Ó dáa, ó yé mi, méjèèjì yẹn ò bá wọn wí. A ó dúró lórí owó tí wọ́n yọ, lẹ́tà, àti ọjọ́ ìsinmi.

Lọ́yàAgodi

Ẹ fi ìsinmi ọdọọdún kún un. Ẹni tó bá ti lo oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ kíkún. Ọ̀gá ò lè ní òun máa fi owó rọ́pò rẹ̀. Ó sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún bó bá ń ṣàìsàn tí dókítà sì kọ ìwé fún un.

Ìwé tí kó kọ́kọ́ kọ: kó jẹ́ jẹ́jẹ́, kó má bú ẹnikẹ́ni. Kó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye tí wọ́n fẹnu sọ, iye tó wọlé lóṣù yẹn, kó béèrè ìwé tí abala 7 sọ, kó sì béèrè kí wọ́n dá owó náà padà. Kó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí máníjà fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí wáàsápù. Kó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tó ń wọlé lóṣooṣù, kó sì ya fọ́tò ìwé tí wọ́n fi ń kọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, bó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

ỌmọMọ̀kọ́lá

Ẹ kú àtijọ́. Mo padà wá ròyìn.

Òun àti àwọn mẹ́ta míì ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Máníjà kà á, ojú rẹ̀ yí padà, ó béèrè pé ta ló kọ́ wọn. Àbúrò mi dáhùn pé òfin ni, ó sì ka abala 5 fún un lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní òun máa dá owó náà padà ní ìpín méjì, ìpín kan ti wọlé lóòótọ́. Ó tún ti ní kí wọ́n máa gba ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé.

Ṣùgbọ́n ó gbé ìwé kan jáde tó pè ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Mo kà á. Nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ gbà láti san owó ọjà yòówù tó bá dín nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Àbúrò mi ní òun fẹ́ mú un délé kí òun tó fọwọ́ sí i, wọ́n fún un di ọjọ́ Ẹtì. Kí ló yẹ kó ṣe?

ÌyáÌbejìBódìjà

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ kí i fún mi, ẹ sọ fún un pé ó gbọ́n.

Lọ́yàAgodi

Ó dáa tó mú un wálé. Kó má fọwọ́ sí i bó ṣe wà yẹn. Abala 5 ò kọ owó yíyọ nìkan, ó kọ àdéhùn láti yọ ọ́ pẹ̀lú. Bó tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, gbólóhùn yẹn ò lè dúró níwájú òfin, àmọ́ kò sídìí láti fi irin lé ara ẹni lọ́wọ́.

Kó fi bírò fa ìlà sí gbólóhùn náà nìkan, kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé òun ò gba ìyẹn nítorí abala 5, kó fọwọ́ sí ìyókù bí ìyókù bá bára mu pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń ṣe, kó sì ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó dá a padà. Àwọn mẹ́ta yòókù náà, bákan náà. Bí ọ̀gá bá kọ̀, tó sì ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n má jiyàn lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n kó ẹ̀dà lẹ́tà, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì àti ìwé yìí, kí wọ́n lọ béèrè ọ́fíìsì lébà ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòlàbà, kí wọ́n tètè dé láàárọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi níbí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n mọ ibi tó já sí.

ỌmọMọ̀kọ́lá

A ti gbọ́, sà. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní àwọn jọ ń lọ ni.